Òkúta Wẹ́wẹ́ Oríta Ni Bàbá E-Wallet Àgbẹ̀

Bí ẹ bá bèèrè ibi tí títa irè oko láìfojú kan oníbàárà ti ṣẹ̀, Kenya ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa nawọ́ sí. Wọ́n á ní M-Pesa, ọdún 2007. Mo gbọ́. Owó nìyẹn ń gbé láti fóònù dé fóònù; kò mọ iṣu yàtọ̀ sí àgbàdo.

Oríta oko ni kí ẹ bá mi lọ. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ wa á kó iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ tì í, á sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó. Èrò ọ̀nà á ka òkúta, á ka owó ẹyọ sílẹ̀, á gbé ẹrù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, olóko á wá palẹ̀ owó rẹ̀ mọ́. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, á fi àálè kọ́ ibẹ̀: ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà. Ta ló fẹ́ dán an wò? Lójú tèmi, àálè yẹn ni PIN àkọ́kọ́.

Àrokò ni òkúta yẹn, oǹkà sì ni ẹnu àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so ránṣẹ́ sí èèyàn ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà. Bó bá fi mẹ́jọ dáhùn, ọ̀rọ̀ wọn ti jọ. Kí ló tún kù tí a fi ń pè é ní àtẹ̀jíṣẹ́? Èmi gbà pé àrokò oríta ti wà kí owó ẹyọ tó dé rárá, bóyá nígbà tí òkúta márùn-ún ṣì ń bèèrè òṣùwọ̀n iyọ̀ márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó máa bọ̀.

Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni e-wallet ti 2012, ètò orí fóònù tí ìjọba Nàìjíríà fi ń pín ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Akínwùmí Adéṣínà, tó kàwé ní Ifẹ̀, ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà. Ó ní nínú àgbẹ̀ 100, 11 péré ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọwọ́ wọn. Ni wọ́n bá ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀. Àgbẹ̀ á mú un lọ bá oníṣòwò, á san ìdajì owó, á gbé àpò ajílẹ̀ méjì. Cellulant ló ṣe ètò ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni méjì ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀: Bọ́lájí Akínbóró, àti ọmọ Kenya kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Adéṣínà lọ sí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ní 2015, ètò náà sì rọlẹ̀. POS àti transfer ló gbòde báyìí. Oníṣu á dúró de alert kó tó jẹ́ kí ẹ gbé ẹrù. Bó bá dún tán, á tún pe ọmọ rẹ̀ kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.