Ohun Tí Ọlọ́pàá Rí Nínú Ilé Tí Wọ́n Tú Láìgbàṣẹ

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ọlọ́pàá bá tú ilé ẹni láìní ìwé àṣẹ, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ti di òfo ní kóòtù. Fíìmù Amẹ́ríkà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, láti ọdún 1961 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún ti dá ẹjọ́ Mapp àti ìpínlẹ̀ Ohio, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọlé. Ti Nàìjíríà yàtọ̀.

Òfin ACJA ti 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ni àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ń lò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọlọ́pàá á kọ̀wé béèrè àṣẹ, á fi ìwé ìbúra tì í, á sọ ìdí tó fi fura sí ilé náà. Ìfọwọ́sí ẹni tó fún un láṣẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé náà. Látijọ́, aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń túlé, àfi tí kóòtù bá ní kó rí bẹ́ẹ̀ kọ́. ACJA ti mú ìyẹn kúrò: wọ́n lè dé lóru, kódà lọ́jọ́ Sunday.

Ẹlẹ́rìí méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, àyàfi tí kóòtù bá sọ pé kò pọn dandan. Onílé tàbí aṣojú rẹ̀ lè dúró wò wọ́n, ó sì lè béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹrù tí wọ́n kó. Kó béèrè o, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Kí wọ́n kọ “Fóònù kan” síbẹ̀ kò tó. “Fóònù dúdú kan, ojú rẹ̀ ti sán lápá òsì,” pẹ̀lú nọ́ńbà IMEI rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fóònù kọ̀ọ̀kan ní), nìkan ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní 1968, nínú ẹjọ́ Sadau, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà gba ẹ̀rí tí wọ́n rí lọ́nà àìtọ́ wọlé, níwọ̀n bó ti kan ẹjọ́ náà. Abala 14 àti 15 Òfin Ẹ̀rí 2011 wá fún adájọ́ láyè láti wọ̀n ọ́n: báwo ni ẹ̀sùn náà ti wúwo tó? Ṣé ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ni? Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn láti rí ẹ̀rí náà? Ìbọn adigunjalè tí wọ́n gbàgbé ẹlẹ́rìí kan nígbà tí wọ́n rí i lè wọlé wẹ́rẹ́. Ìwé gbèsè tí ọlọ́pàá fo ọgbà kó lóru láìgbàṣẹ lè má wọlé. Àyè yẹn fẹ̀ jù, nítorí adájọ́ méjì lè wo ọ̀rọ̀ kan náà kí wọ́n sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ẹrù náà kalẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí agbẹjọ́rò tako ó. Bó bá dákẹ́ dìgbà ìdájọ́, ó ti pẹ́.

Bí ẹ̀rí náà bá tilẹ̀ wọlé, onílé ṣì lè gba Kóòtù Gíga lọ lórí abala 37 ìwé òfin 1999 tó dáàbò bo ilé ẹni. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn: wọ́n lè ní kí ọlọ́pàá sanwó fún un, kí ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n onílé náà sì dúró bó ṣe wà.