Ta ni Vardan bá jà? Kì í ṣe Mùsùlùmí

Tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ti ń súnmọ́lé báyìí, ẹnì kan á tún sọ ọ́: “Àwọn ará Àméníà ń ṣe ọdún àwọn akọni tó bá Mùsùlùmí jà nítorí Jésù.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, ó sì ń dùn mí gan-an ni.

Òótọ́ ni pé ọdún náà wà. Vardanants ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Lẹ́ńtì ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Àméníà ń ṣe é, láti fi rántí Vardan Mamikonian, ọ̀gágun Àméníà, àti àwọn 1,036 tó kú pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dún 451 ni ogun ọ̀hún wáyé ní pápá Avarayr, tó wà ní àríwá Ìráàn lónìí. Vardan kú síbẹ̀, ọwọ́ ogun náà kò sì dẹ Àméníà.

Ọdún 451 yìí ni kí ẹ dì mú. Àwọn òpìtàn fi ìbí Ànábì Muhammad sí nǹkan bí ọdún 570. Ẹ yọ 451 kúrò níbẹ̀, ó ku 119. Lọ́jọ́ tí Vardan ṣubú, wọn ò tíì bí bàbá tó bí Ànábì. Báwo wá ni Mùsùlùmí ṣe dé ojú ogun yẹn?

Orúkọ Ìráàn ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní ọba Páṣíà ló gbógun wá, Páṣíà sì ni Ìráàn, Ìsìláàmù sì ni Ìráàn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó di ọgọ́rùn-ún ọdún keje kí àwọn Lárúbáwá tó gbé Ìsìláàmù wọ Páṣíà. Ẹ̀sìn Zarathustra ni ọba wọn ń ṣe kó tó dìgbà náà. Ahura Mazda ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì máa ń tọ́jú iná mímọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kú. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn àlùfáà ẹ̀sìn yìí gan-an ni Mátíù fi pe àwọn tí Bíbélì wa ń pè ní amòye láti ìlà-oòrùn.

Yazdegerd Kejì, ọba Páṣíà, ló ní kí àwọn ará Àméníà fi Kírísítì sílẹ̀, kí wọ́n wá sin iná. Yeghishe tó kọ ìtàn ogun náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Angl: àwọn àlùfáà Páṣíà dé, wọ́n fẹ́ já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Ghevond kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n yọ kùmọ̀ sí wọn, wọ́n sì lù wọ́n títí wọ́n fi padà sí ibùdó.

Ṣé ìjà ẹ̀sìn pọ́ńbélé wá ni? N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Owó orí wà níbẹ̀, ipò àwọn ìjòyè náà wà níbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Vasak, olórí Syunik tó jẹ́ agbègbè kan ní Àméníà, síbẹ̀ ẹ̀yìn Páṣíà ló wà. Onígbàgbọ́ ni Marcian, ọba Kọnstantinópù, kò sì rán ọmọ ogun kan wá ran Vardan lọ́wọ́. Lójú tèmi, ẹ̀sìn ni gbòǹgbò rẹ̀, àmọ́ gbòǹgbò nìkan kọ́ ni igi. Lọ́dún 484, lẹ́yìn tí ọba Páṣíà míì, Peroz, ti kú sójú ogun níbòmíì, ni Vahan, ọmọ àbúrò Vardan, tó gba àdéhùn Nvarsak pé kí wọ́n jẹ́ kí Àméníà máa ṣe ìgbàgbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àwòrán ogun yìí ṣe ìwàásù, ẹ fara balẹ̀ wò ó kí ẹ tó gbé e jáde. Bí ẹ bá rí erin lọ́dọ̀ àwọn Páṣíà, ó bára mu, torí wọ́n kó erin wá lóòótọ́. Bí ẹ bá rí àsíá olóṣùpá, ẹ má gbé e dé orí pẹpẹ.