Orlando Julius Ekemode

Orlando Julius Àrẹ̀mú Olúsànyà Ekemode (22 Oṣù Kẹsàn-án 1943 – 14 Oṣù Kẹrin 2022), tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ sí Orlando Julius tàbí O.J., jẹ́ akọrin, olùkọ̀wé orin, afunfèrè saksofóònù àti olórí ẹgbẹ́ olórin ọmọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní oríta tí highlife, jáàsì, orin soul àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àti orin ìbílẹ̀ Yorùbá ti pàdé. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí, Ìbàdàn ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà wálé. Àwo orin rẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Super Afro Soul, tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1966, wà lára àwọn àwo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó mọ̀ọ́mọ̀ po soul mọ́ highlife, nígbà tí orúkọ tí a ó máa pe irú orin bẹ́ẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ìgbà èwe ní Ìkọ̀lé

Ìkọ̀lé, ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé, wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí wọ́n bí Orlando Julius, ìjọba amúnisìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè náà, Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò sì dá dúró títí di 1 Oṣù Kẹwàá 1996. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé àtijọ́ kan fi ń pè é ní ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lásán. Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń ná ọjà Èkìtì, àwọn tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí a ń pè ní òṣómàáló, kò sì ṣàjèjì ní ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń bá ọkọ rẹ̀ mójú tó ọjà.

Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Bí Orlando Julius ṣe sọ ọ́ fún àwọn tí ó gbé àwo rẹ̀ ti 2014, Jaiyede Afro, jáde, ìyá rẹ̀ a máa mú un lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń lo ohun èlò orin, òun náà á sì mú ìlù, á bá wọn lù. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Èkìtì yóò mọ̀ pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi eré lásán. Àwọn obìnrin ni ọ̀gá nínú orin alámọ̀ tí a mọ Èkìtì mọ́, èyí tí wọ́n fi ń yin ènìyàn, tí wọ́n fi ń bú ènìyàn, tí wọ́n sì fi ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ìtagbangba. Ẹnìkan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Ẹni tí ó ń lé lè yí ọ̀rọ̀ padà bí ó bá ṣe wù ú, níwọ̀n ìgbà tí ó bá mọ ibi tí àwọn elégbè yóò ti gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ìlànà yìí ni a óò tún bá nínú orin rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, tí fèrè wá ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn elégbè ń ṣe.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Peter's ti ìjọ Áńgílíkà ní Ìkọ̀lé, ó sì wọ ẹgbẹ́ olórin ilé ẹ̀kọ́ náà. Bàbá rẹ̀ kú ní 1957. Lẹ́yìn ikú náà ni ọmọkùnrin yìí fi Ìkọ̀lé sílẹ̀, tí ó sì forí lé Ìbàdàn láti wá ọ̀nà orin.

Ìbàdàn

Ìbàdàn tí ó bá nígbà náà ni olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, owó kòkó sì ń wọlé fún ìjọba. Ní 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ijó alẹ́ sì ń gba ẹgbẹ́ olórin síṣẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ni ọmọ Ìkọ̀lé yìí kọ́kọ́ rí ṣe. Tí ó bá kúrò níbẹ̀, á bá àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti kònkóma lu ìlù, á sì bá wọn fun fèrè.

Ọ̀gá méjì tí ìwà orin wọn kò jọra ni ó tún bá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ni Eddy Okonta, afuntírọ́mpẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ highlife tí ó lórúkọ jù ní Ìbàdàn, níbi tí fèrè ti jẹ́ ọba, tí olórin kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè láti dá fun tirẹ̀ bí àwọn onijáàsì ti ń ṣe. Èkejì ni I.K. Dairo, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà bí àwọn òbí Orlando Julius, ọ̀gá jùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Àkọ́díọ̀nù, gìtá àti gángan ni ti Dairo, ọ̀rọ̀ orin ni ó sì fi lékè ohun gbogbo: òwe, oríkì, àdúrà, àti ìfẹ́ tí a kò sọ ní gbangba. Ó jọ pé láàárín àwọn ọ̀gá méjèèjì yìí ni a ti lè rí gbòǹgbò iṣẹ́ tí Orlando Julius ṣe lẹ́yìn náà, ju inú àwọn àwo tí ó ń wá láti Amẹ́ríkà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ni àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè máa ń tẹnu mọ́.

Modern Aces àti Super Afro Soul

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Modern Aces. Ìbàdàn ni ibùdó ẹgbẹ́ náà. Ní 1965, orin wọn tí ń jẹ́ “Jagua Nana” gba ìgboro kan, ìyẹn sì ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé tó ní rédíò mọ orúkọ rẹ̀. Highlife ni orin náà látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ wúwo ju ti àwọn àgbà tó ṣáájú lọ, ohùn akọrin náà kò sì rọra lọ bí ohùn àwọn akọrin òtẹ́ẹ̀lì; ó ń pariwo, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń dákẹ́ lójijì kí fèrè lè gbà á.

Ọdún kejì ni Super Afro Soul dé. Orin ìlú àti orin òkèèrè ni wọ́n kó sínú àwo kan ṣoṣo. “My Girl” wà níbẹ̀, orin tí ẹgbẹ́ The Temptations ti kọ ní Amẹ́ríkà ní òpin 1964. “Jagua Nana” wà níbẹ̀. “Ijo Soul” náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fetí sí “Ijo Soul” yóò gbọ́ pé ọ̀nà tí fèrè gbà ń dún nínú rẹ̀ jọ ti orin kan tí James Brown, akọrin soul ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1965, “I Got You (I Feel Good)”. Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwo Orlando Julius yìí ni ó yí orin Amẹ́ríkà padà. Ọjọ́ orí àwọn àwo náà kò gbe ọ̀rọ̀ yìí: ti Brown ni ó ṣáájú, ọmọ Ìkọ̀lé ni ó sì dá a lóhùn. Ìdáhùn náà ni ó yẹ kí a wò. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí, èdè Yorùbá kì í sì í jẹ́ kí ohùn orin lọ sókè-sódò bí ó ṣe wù ú, nítorí àmì ohùn ni ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Olùkọ̀wé orin tí ó fẹ́ fi Yorùbá kọ soul ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá orin mu, tàbí kí ó gé gbólóhùn kúrú, kí ó máa tún un sọ, kí ó sì fi ìyókù lé fèrè lọ́wọ́. Gbólóhùn kúkúrú tí a ń tún sọ ni ó yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin àwọn obìnrin tí ó bá lu ìlù ní kékeré ṣe rí.

Ní òpin àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ náà yí padà, ó sì wá ń jẹ́ Afro Sounders. Ìgbà ogun abẹ́lé (1967–1970) nìyí. Ọ̀pọ̀ olórin highlife tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò ti padà sí ìlà-oòrùn, jùjú sì ń gba ipò tí highlife ti dì mú ní Èkó àti Ìbàdàn. Orin Afro Sounders gùn ju ti Modern Aces lọ, gìtá àti ìlù ni wọ́n gbé e lé, ààyè tí saksofóònù ní láti dá sọ tirẹ̀ sì pọ̀ sí i, èyí tí ó mú un súnmọ́ jáàsì ju ti ìṣáájú lọ.

Ọ̀rọ̀ Fela

Fela Kútì dé láti London ní 1963, ó sì dá ẹgbẹ́ olórin Koola Lobitos sílẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú highlife tí ó fi jáàsì pò. Orlando Julius sọ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé Fela a máa wá sí Ìbàdàn láti wá wo Modern Aces àti láti bá wọn ṣeré, àti pé òun ti ń ṣe irú orin yìí kí Fela tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ń pè é ní bàbá afrobeat tí a gbàgbé. Àwọn àwo tó wà nílẹ̀ jẹ́rìí sí apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀: ní 1966, tí Fela ṣì ń ṣe highlife onijáàsì, Orlando Julius ti kọ “Afro Soul” sára àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ afrobeat fúnra rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Fela wá, orin gígùn tí ó kún fún ọ̀rọ̀ òṣèlú, èyí tí Fela sọ di àṣà lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, sì yàtọ̀ gidi sí orin ìfẹ́ àti orin ijó tí Orlando Julius ń kọ. Ẹni méjì tí ó mumi nínú odò kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà tí kálukú gbà kò jọra.

Amẹ́ríkà

Ní 1974 ni ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ California ni ó fi ṣe ibùgbé, ní agbègbè Oakland, ó sì bá àwọn olórin jáàsì àti soul tí orúkọ wọn ti tàn kálẹ̀ ṣiṣẹ́, lára wọn ni Hugh Masekela, afuntírọ́mpẹ́ẹ̀tì ọmọ South Africa, àti ẹgbẹ́ The Crusaders. Ó bá Lamont Dozier náà ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí ilé iṣẹ́ àwo orin Motown fi gbajúmọ̀. Ní 1977, Dozier gbé “Going Back to My Roots” jáde, ẹgbẹ́ Odyssey sì tún un kọ ní 1981, ó sì gbajúmọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orlando Julius sọ pé òun lọ́wọ́ nínú kíkọ orin náà. Orúkọ Dozier nìkan ni ó wà lára àwo gẹ́gẹ́ bí olùkọ̀wé. Fún olùkọ̀wé orin, ìlà kékeré tí a tẹ̀ sára àwo yìí ni ó ń sọ ẹni tí owó yóò máa wọlé fún, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Àwo rẹ̀ Dance Afro-Beat jáde ní 1985. Àkọlé náà fi hàn pé ní àkókò yìí òun fúnra rẹ̀ ti gba orúkọ tí aráyé mọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Latoya Ekemode, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ akọrin àti oníjó, bá a ṣeré lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìpadàbọ̀ àti Jaiyede Afro

Ó padà sí Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1990. Láàárín ìgbà náà, àwọn olùkó àwo jọ ní Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn àwo Philips àtijọ́ kiri, wọ́n sì tún Super Afro Soul tẹ̀ jáde, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni ó wá ń jó sí i.

Ní 2014, ilé iṣẹ́ Strut gbé Jaiyede Afro jáde, àwo tí Orlando Julius àti The Heliocentrics jọ ṣe. Ẹgbẹ́ London ni Heliocentrics, wọ́n sì ti bá Mulatu Astatke, ọ̀gá jáàsì Ethiopia, ṣe àwo kan ní 2009. Sítúdíò tiwọn, tí ó ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń gba ohùn sórí téèpù, ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Orin tí ó ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: “Omo Oba Blues” jẹ́ orin ìbílẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti àárín àwọn ọdún 1960; “Aseni” àti “Be Counted” bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970; “In the Middle” sì jẹ́ ti James Brown. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ ni ó jìnnà jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí ọ̀kan lára àwọn orin tí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ máa ń kọ nígbà èwe rẹ̀ ni ó gbé e lé. Ìlù bẹ̀rẹ̀, gìtá báàsì tẹ̀ lé e, ohùn àgbàlagbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún sì ń lé orin, àwọn elégbè ń gbà á, kí saksofóònù tó wọlé.

Ó bá Heliocentrics rìn káàkiri Yúróòpù lẹ́yìn àwo náà, ó sì ń ṣeré títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Orlando Julius kú ní 14 Oṣù Kẹrin 2022, ní ẹni ọdún 78.