Aago ọwọ́ tí kì í lo bátìrì

Aago ọwọ́ tí kì í lo bátìrì ni aago tó jẹ́ pé sípíríǹgì tí wọ́n ká mọ́ inú ẹ̀ ló ń gbé e rìn, kò sí bátìrì níbẹ̀, kò dẹ̀ gba iná. Oríṣi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́, èèyàn á máa fọwọ́ ká a ni, láràárọ̀ tàbí kó tó sùn. Èkejì ni ọ̀tọ́mátíìkì, tó máa ń ká ara ẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń jù síwá sẹ́yìn. L'Ékòó, àwọn èèyàn sábà máa ń pe méjèèjì ní ọ̀tọ́mátíìkì, aláago nìkan ló máa ń ya ìkan sọ́tọ̀ lára ìkejì.

Kíkó irú aago yìí jọ, títún un ṣe, àti mímọ èyí tó dáa nínú ẹ̀ ti di fàájì fún àwọn kan, láti Marina àti Ìdúmọ̀tà títí dé Yábà àti Ìkẹjà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó nìkan o, torí Seiko 5, aago ilé iṣẹ́ Japan, tí bàbá èèyàn fi sílẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn lè máa rìn dáadáa tí aago olówó ńlá tí wọ́n jù sínú dúróà á ti dákẹ́, nítorí pé òróró inú ẹ̀ ti gbẹ.

Inú ẹ̀

Àwọn tó ń tún aago ṣe ń pe inú aago ní ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ṣí ìdérí ẹ̀yìn ọ̀tọ́mátíìkì, nǹkan tójú máa kọ́kọ́ rí ni irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí oṣù tó ku ìlàjì, tó wúwo létí, tó ń yí gbirigbiri bí wọ́n bá ti fi aago yẹn sọ́tùn-ún sósì. Òun ló ń ká sípíríǹgì. Sípíríǹgì yẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, wọ́n ká a sínú àgbá kékeré bí ẹni ká ẹní, gbogbo ìgbà ló dẹ̀ fẹ́ tú. Tí ò bá sí nǹkan tó dì í mú, kíá ló máa tú tán, ọwọ́ aago á kàn máa fò yíká bíi fáànù. Nǹkan tó ń dì í mú yẹn gan-an ni ọgbọ́n tó wà nínú aago.

Agbára yẹn á gba ara àwọn wíìlì eléyín kọjá, ìkan ń yí ìkejì, títí á fi dé wíìlì kékeré tó gbẹ̀yìn, tó sábà máa ń ní eyín 15. Àmúga kékeré kan wà níwájú ẹ̀ tó ní òkúta pupa méjì, òkúta kan á gbá eyín kan mú, á tú u sílẹ̀, òkúta kejì á gbá èyí tó kàn. Ìró kó-kó-kó téèyàn ń gbọ́ tó bá gbé aago sétí nìyẹn. Àmọ́ àmúga ò dá a ṣe, wíìlì kan tó ń mì lọ mì bọ̀ tí wọ́n ń pè ní bálánsì ló ń darí ẹ̀, sípíríǹgì kan tó tín-ín-rín bí irun orí ló dẹ̀ ń fa bálánsì yẹn padà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ lọ jù. Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, fi aago tó ní irú sípíríǹgì yìí hàn ní 1675. Thomas Mudge, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n dẹ̀ kà sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú àmúga tí aago òní ń lò, ní nǹkan bí 1755.

Òkúta pupa yẹn rúbì ni, ibi tí irin ti ń lọ irin ni wọ́n ń fi sí kó má bàa tètè jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ "17 Jewels" tàbí "21 Jewels" sójú aago. Rúbì tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni, látìgbà tí Auguste Verneuil, ará Faransé, ti gbé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jáde ní 1902 ló ti pọ̀ nílẹ̀, torí náà ẹni tó bá rò pé òun á tú aago kó òkúta inú ẹ̀ lọ tà, àsìkò ara ẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Ẹ́ńjìnnì 7009 àti 7S26 ti Seiko máa ń lù ní ìgbà 21,600 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ aago ilẹ̀ Swítsálándì tòde òní ń lu 28,800. Téèyàn bá ṣírò ti 21,600 yẹn fún ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù 189, kò sí mọ́tò kankan l'Ékòó tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lọ́dún márùn-ún kí wọ́n má pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ aago nìyẹn.

Bó ṣe dé ibi tó dé

Ogun àgbáyé kìíní, 1914 sí 1918, ló sọ aago di nǹkan ọwọ́ fún àwọn ọkùnrin, torí ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ ò ráyè máa fa aago yọ lápò. John Harwood, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ́mátíìkì ti ọwọ́ láàárín ọdún 1920 sí 1929, Rolex dẹ̀ gbé tiẹ̀ tó ń yí po jáde ní 1931. Seiko 5 jáde ní 1963: ọ̀tọ́mátíìkì ni, omi ò tètè wọ̀ ọ́, ọjọ́ àti déètì wà pọ̀ lójú fèrèsé kan ṣoṣo, orí kékeré tí wọ́n fi ń yí i wá fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mẹ́rin.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, Seiko yìí kan náà gbé Astron jáde, aago ọwọ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fáráyé tó ń lo kírísítà kúásì (òkúta tó máa ń gbọ̀n bí iná bátìrì bá kàn án). Ó péye ju èyíkéyìí tó ní wíìlì lọ, nígbà tó dẹ̀ yá ó rọ̀ wọ́n lówó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago ní Swítsálándì ló kógbá sílé láàárín ọdún 1970 sí 1985. Àwọn tó ṣẹ́kù ò díje lórí àìṣìse mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹwà ni wọ́n ń tà báyìí. Aago oníbátìrì olówó pọ́ọ́kú ṣì péye jù wọ́n lọ, kí wọ́n má parọ́ fúnra wọn.

Báwo wá ni aago tí kì í lo bátìrì ṣe péye tó? Ilé iṣẹ́ ìdánwò COSC ní Swítsálándì máa ń dán ẹ́ńjìnnì wò fún ọjọ́ 15, kò gbọ́dọ̀ fi ju sẹ́kọ́ńdì 4 rẹ̀yìn tàbí kó fi ju 6 sáré lójúmọ́. Aago lásán tó bá fi sẹ́kọ́ńdì 15 sáré lójúmọ́ ò ṣe nǹkan kan tó burú, sẹ́kọ́ńdì 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan.

Ohun tí Èkó ń fojú ẹ̀ rí

Òógùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹni tó wọ danfo láti Ọ̀jọ́ta dé CMS lọ́sàn-án, iyọ̀ ti gbẹ sábẹ́ aago ẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, iyọ̀ yẹn a máa jẹ irin ìdérí ẹ̀yìn, a dẹ̀ máa ba rọ́bà tó ń dènà omi jẹ́. Rọ́bà yẹn kì í pariwo tó bá ti bàjẹ́, ìgbà tí òjò bá pa èèyàn ni gíláàsì á ní kùrukùru látinú, ó ti pẹ́ jù nìyẹn, kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìpẹtà kì í dúró de ìparí oṣù. "30m" tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago ò túmọ̀ sí pé kéèyàn wọ̀ ọ́ sínú òkun ní Tarkwa Bay o: omi ìfọwọ́ àti òjò díẹ̀ ni.

Ìkejì ni mágínẹ́ẹ̀tì. Ìdérí fóònù tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pa dé, sípíkà ńlá tí wọ́n to sóde àríyá, èèyàn gbé ọwọ́ lé e, sípíríǹgì tín-ín-rín inú bálánsì á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, aago á máa sáré, ìgbà míì ó lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan sáré lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ló ti san owó iṣẹ́ ńlá lórí èyí, bẹ́ẹ̀ maṣíìnì kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló máa tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kòtò ọ̀nà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan, sípíríǹgì kékeré tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra wà lórí òkúta bálánsì, bíi Incabloc tó ti wà láti àárín ọdún 1930 sí 1939. Aago tó já bọ́ sórí táìsì lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀.

Títún un ṣe

Àwọn aláago Èkó, etí títì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí, pẹ̀lú tábìlì kékeré tó ní àpótí gíláàsì lórí, bátìrì àti bẹ́líìtì wà nínú ẹ̀, gíláàsì roboto kan so mọ́ orí wọn. Iṣẹ́ bátìrì àti ṣéènì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà máa gbọ́ ni "Ṣé bátìrì ló ń lò?" Tí wọ́n bá dáhùn pé "Rárá bàbá, ọ̀tọ́mátíìkì ni," ojú bàbá á yí padà, á mi aago yẹn díẹ̀ sétí, á gbọ́ bóyá irin yẹn ń yí, lẹ́yìn náà ló máa wá bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ti ṣí i gbẹ̀yìn. Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Sáfíìsì tó pé, títú ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ pátápátá, gbogbo sírúù, gbogbo wíìlì, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú omi ìfọ̀ tó yẹ, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á tò ó padà pẹ̀lú òróró tuntun. Òróró yẹn ò rí bákan náà níbi gbogbo: ibi tó ń yára yí, bíi bálánsì, èyí tó ṣàn ni wọ́n ń lò (Moebius 9010 lọ́pọ̀ ìgbà), ibi tó ń rọra lọ gba èyí tó ki. Ìwọ̀n tó ń wọlé sínú òkúta kan ò tó orí abẹ́rẹ́, tó bá pọ̀ jù á ṣàn kúrò níbi tó yẹ, á lọ mú eruku mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé e sórí maṣíìnì tó ní máíkì tó ń gbọ́ ìró ẹ̀, á sọ bó ṣe ń sáré tàbí bó ṣe ń rẹ̀yìn, àti bí bálánsì ṣe ń mì tó. Láàárín dìgíríì 270 sí 300 ló dáa tí wọ́n bá ká a tán tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Tó bá ń mi 200, ìdọ̀tí ṣì wà níbì kan tàbí sípíríǹgì ti rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe létí títì nígbà míì yàtọ̀ síyẹn pátápátá. Àwọn kan á ri ẹ́ńjìnnì odindi bọ pẹtiróòlù láìtú u, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á da òróró maṣíìnì ìránṣọ lé e, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú oníbàárà, owó á yọ. Kó tó pé oṣù mẹ́fà ó ti dákẹ́ padà, ìdọ̀tí tí pẹtiróòlù tú ti lọ jókòó sínú òkúta. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Àwọn àgbà oníṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kì í fẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà fún ẹlòmíì, wọ́n lè rọ sírúù míì láti ara irin dípò èyí tó sọnù. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe sáfíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Seiko 5 ti lo ogún ọdún láìrí sìkúrú-díráífà. Wọ́n ń rìn, òótọ́ ni, àmọ́ irin ń jẹ irin nínú níbẹ̀.

Kíkó o jọ

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá aláago kó tó wá aago. Lẹ́yìn ìyẹn, Seiko 5 àlòkù tàbí Orient ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́, torí ẹ́ńjìnnì wọn le, ẹ̀yà wọn dẹ̀ ṣeé rí. Ẹ̀yìn Seiko àtijọ́ ń sọ ìtàn ara ẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹ́ńjìnnì, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni ti ara aago. Nínú nọ́ńbà ọ̀tọ̀ tó ní ẹyọ mẹ́fà, èyí àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù, 1 sí 9, lẹ́yìn náà O, N àti D fún oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún. 4N wá jẹ́ oṣù Kọkànlá ọdún tó parí sí 4, irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀ ló máa sọ bóyá 1974 ni tàbí 1984. Tí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ní 7009, tí ara irin tó ń yí nínú wá ní 7S26, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn, kò sọ pé kéèyàn má rà á, àmọ́ iye tó yẹ kó san ti wálẹ̀.

Ojú aago ló ń pa ọ̀pọ̀ olùrà. Aago àádọ́ta ọdún tí ojú ẹ̀ ń dán bí àwo tuntun, tí lẹ́tà ẹ̀ nípọn tàbí tó wọ́, wọ́n ti kùn ún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fẹ́ èyí tó ti pọ́n díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bákan náà ni pé kí wọ́n má gbé aago àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lọ̀ ọ́ kó dán, irin tó bá lọ̀ kúrò ti lọ nìyẹn, igun ara aago á di roboto bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Ìkan tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn lára aago tó ṣáájú nǹkan bí 1965 lè jẹ́ rádíọ̀mù, ìtànṣán ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i sórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, kí wọ́n má dẹ̀ ha ọ̀dà yẹn.

Ayédèrú Rolex kún ìgboro, èyí ò pamọ́. Àwọn èèyàn máa ń ní tí ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì bá ń ṣàn, ọ̀ríjínà ni, tó bá ń fò ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, fèkí ni. Ìdánwò yẹn ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, torí ọ̀tọ́mátíìkì ni wọ́n ń fi sínú ayédèrú náà báyìí. Inú ẹ̀ ni kí wọ́n ṣí wò.

Ẹni tó bá ní aago mẹ́ta mẹ́rin, èyí tí ò wọ̀ á máa dúró lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 40, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tó bá fẹ́ yí déètì padà, kó má ṣe é nígbà tí ọwọ́ aago bá wà láàárín mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, eyín tó ń ti déètì ti wọlé lákòókò yẹn, fífi ipá yí i ló sábà máa ń kán an. Kó kọ́kọ́ fa ọwọ́ aago sílẹ̀ dé aago mẹ́fà, kó tó wá yí déètì.