Ìdí tí sáfà fi ń há kó tó kún

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn tó ń lo ìkànnì lóhùn. Ká ní ìbéèrè kan ń gba sáfà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dáhùn. Ẹni tó bá fi ìka ṣírò yóò ní ìbéèrè 10 ló lè dá lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pé bí 9 bá wọlé, àyè ṣì wà. Lóòótọ́ ni, àyè wà. Àmọ́ ẹni tó bá wọlé nígbà náà yóò dúró tó odindi ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìpíndọ́gba, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà gan-an.

Ẹni tó bá ti gbé ata lọ sí ẹ̀rọ nígbà tí ọdún ku ọ̀la mọ bó ṣe ń rí. Oníbàárà kì í dé bí ẹni tí wọ́n fi aago pè. Ẹ̀rọ lè wà lásán fúngbà díẹ̀, kí èèyàn mẹ́rin ṣàdédé já lù ú, kí wọ́n to ike ata wọn sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ fi wà lásán yẹn ti ṣòfò nìyẹn, kò ṣeé tọ́jú de àwọn mẹ́rin tó ń bọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí sáfà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí èrò sì ń wọlé láìlétò, ẹ mú àkókò tí iṣẹ́ kan ń gbà, kí ẹ fi ìdá àyè tó ṣẹ́kù pín in. Bí 5 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì àyè ló kù, ìdáhùn á máa gba 0.2 ìṣẹ́jú àáyá. Tí wọ́n bá di 8, ó di 0.5. Ní 9, ó di 1, ní 9.5, ó di 2, ní 9.9, ó di 10. Láti 9 dé 9.9, ohun tó lé ò tó odindi ẹnì kan, síbẹ̀ ìdúró ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó ń bójú tó sáfà tó ní "àná ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa" ò parọ́.

Iṣẹ́ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. A. K. Erlang, ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen, ti tẹ ìṣirò jáde lórí bí ìpè ṣe ń wọlé ní 1909. Ní 1961, John Little fi ẹ̀rí òfin kan lélẹ̀: iye èrò tó wà nínú ilé (àwọn tó ń dúró àti ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn) jẹ́ iye tó ń wọlé, ní ìlọ́po àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Ní 9.5, tí ìdáhùn ń gba ìṣẹ́jú àáyá 2, èrò 19 ló wà nínú ilé. Bí àyè tí sáfà ní bá jẹ́ 20, ó dà bíi pé ó tó, àmọ́ ìpíndọ́gba ni 19. Wọn á máa lé ní 20 lemọ́lemọ́.

Ibi tó ti ń ṣòro ni kí a mọ ibi tí ọ̀nà ti fún. Bí ojú ewé kan bá ń pe dátábéèsì, ibi tí wọ́n ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, nígbà márùn-ún, tí ìpè kọ̀ọ̀kan ń gba 0.02 ìṣẹ́jú àáyá, tó sì ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, 10 náà ni òpin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ra ọgọ́rùn-ún sáfà kún èyí tó wà níwájú dátábéèsì náà, 10 ni.

HealthCare.gov, ìkànnì ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, fojú winá èyí ní October 1, 2013. Èrò bíi 50,000 sí 60,000 lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n retí. Ó tó 250,000 tó dé. Wọ́n sì ti fi dandan lé e pé kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó lè wo iye owó, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èrò, tó fi mọ́ àwọn tó kàn fẹ́ yọjú wò, gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Èèyàn mẹ́fà ló rí ìforúkọsílẹ̀ parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó di December, yàtọ̀ sí pé wọ́n ti fi kún agbára rẹ̀, wọ́n kọ́ ibi ìdúró síwájú ìkànnì náà: bí ó bá ti kún, ẹni tó bá dé á fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, wọn á ránṣẹ́ pè é padà.