Bí Àrà Tuntun Ṣe Ń Wọ Iṣẹ́ Ọnà: Láti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́ Dórí Kánfáàsì

Ayàwòrán tàbí agbẹ́gilére tó bá fẹ́ dá àrà tuntun gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò gba àrà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń yin ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́, ó yẹ ká máa dárúkọ ẹni tó gbéṣẹ́ fún un pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni òfin àtijọ́ ti máa ń kọ́kọ́ dẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì fi èyí hàn kedere.

Ojúbọ àti ààfin ló ń gbéṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà láyé àtijọ́. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọ̀ wọn. Efun, osùn, aró àti èédú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń kun ògiri ojúbọ, àwọn ọkùnrin ló ń gbẹ́gi. Ère á dúró ṣánṣán, á kọjú síwájú, orí rẹ̀ á tóbi ju bó ṣe yẹ ara lọ. Èyí tí wọ́n bá fín sára ilẹ̀kùn kì í yọ síta púpọ̀. Ọmọṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún títí gbogbo èyí á fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n dénú kò ní ohun tí yóò yà kúrò nínú rẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ ọ́n dénú. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló ti di agbẹ́gilére ọba Arínjalẹ̀. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ìtàn tó wà lára rẹ̀ kò ní àpẹẹrẹ kankan nílẹ̀: bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Lórí abala kan, ọba gúnwà pẹ̀lú adé, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lórí èkejì, àwọn èèyàn gbé òyìnbó náà rù, àwọn aláàárù ń tẹ̀ lé e. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ débi pé àwọn ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lára pákó. Ara wọn ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ wọ́n yíjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Abala méjèèjì kò tilẹ̀ dọ́gba. Ó fín ọnà wẹ́wẹ́ sẹ́yìn wọn, ó sì kùn ún lọ́dà. Oríkì rẹ̀ sọ pé ó máa ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń fín igbá, ilẹ̀kùn yìí sì jẹ́rìí sí i.

Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan níbẹ̀, fẹ́ rà á, ọba kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ìyìn ńlá tọ́ sí Ògògà. Ó gbà kí iṣẹ́ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ òkèèrè. Ní Paris, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwòrán fún Salon, àfihàn ńlá ìlú náà, ló ń pinnu ohun tó dára nígbà náà. Ní 1874, àwọn ayàwòrán bíi Monet, Renoir, Degas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àfihàn tiwọn. Oníṣòwò kan, Durand-Ruel, ń ra iṣẹ́ wọn lásìkò tí ọ̀pọ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dà inú túùbù, tó ti jáde láti 1841, jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti máa kun àwòrán níta gbangba.

Ká padà sí Èkìtì. Ìjọ Kátólíìkì ló gbéṣẹ́ kalẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fada Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ ti ṣí ilé iṣẹ́ ọnà ní 1947. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀bẹ àti àáké kò yí padà. Ìtàn ló yí. Àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ di ọba Yorùbá.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà rìnrìn àjò tirẹ̀. Ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lókìkí fún sísin ìlẹ̀kẹ̀ sára adé fún àwọn ọba káàkiri. Orí ọba ni ibùgbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó, ó ń fi í yàwòrán. Èyí ṣeé ṣe torí pé ẹni tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọba mọ́. Ẹni tó fẹ́ àwòrán tí yóò fi kọ́ sára ògiri ni.

Ní Zaria, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, wọ́n ní ìlànà òyìnbó nìkan kò tó. Ẹ wo àwòrán Grillo: àwọ̀ aró tó wà lára àdìrẹ kún inú rẹ̀.

Ìlànà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 1986, sọ ọ̀dà òkèèrè di ọ̀wọ́n gógó. Ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n padà sídìí erùpẹ̀ àti ọnà tí àwọn obìnrin ń kùn sí ojúbọ. Olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Owó oṣù ló ń bọ́ wọn, torí náà wọn kò ní láti dúró de ọba, fada tàbí oníṣòwò kankan kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ erùpẹ̀.