Bí nọ́ńbà ọmọ àti èsì ìdánwò JSS abúlé ṣe ń jáde n'Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Tí wọ́n bá ní JSS abúlé kan ṣe dáadáa lọ́dún yìí, tó bá di àmọ́dún wọ́n tún ní ó ti bàjẹ́, ẹ má tíì gbá tíṣà mú o. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ mélòó ló jókòó ṣe ìdánwò yẹn, ọmọ ta ni wọ́n, àti pé níbo làwọn tó kù wà.

Látìgbà tí òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti jáde lọ́dún 2004, prámárì àti JSS1 dé JSS3 ti di odidi kan, ọdún mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Ìjọba àpapọ̀ á ya 2% sọ́tọ̀ fún un nínú àpò ẹ̀, àmọ́ kí ìpínlẹ̀ tó rí owó tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì gbà níbẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ kó iye kan náà sílẹ̀, náírà kan sí náírà kan. (Ará Ìkẹ́nnẹ́ ò ní jẹ́ ká gbàgbé pé Awólọ́wọ̀ ti sọ prámárì di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá láti 1955, ẹ jẹ́ á fún wọn ní tiwọn.)

Inú rẹ́jísítà ni nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kíláàsì á pe orúkọ láàárọ̀, á tún pè é lọ́sàn-án, ẹni tó wá á gba máàkì, ẹni tí ò wá á gba òdo. Ẹ ṣí rẹ́jísítà abúlé tí wọ́n ti ń ná ọjà ọrọọrún, ẹ ó rí i bí òdo ṣe ń wọ́ jọ lọ́jọ́ ọjà, torí ọmọ ló ń bá ìyá ru gàrí, tí àsìkò kíkó kòkó bá wá dé, òdo ò tún mọ ọjọ́ ọjà yàtọ̀ mọ́. Ká má tíì sọ ọ̀sẹ̀ Iléyá, ta ló fẹ́ jókòó ti ìwé lọ́jọ́ Ojúde Ọba?

Látinú rẹ́jísítà yìí ni prínsípà ti máa ń kọ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn iléèwé tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún. Fọ́ọ̀mù yẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọ ọdún mélòó ló wà ní kíláàsì wo, àwọn tó tún kíláàsì ṣe, tíṣà tó ní NCE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́) àti èyí tó ní dìgírì, yàrá tí òrùlé ẹ̀ ti ṣí, ṣáláńgá, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Wọ́n á kó o jọ ní ìjọba ìbílẹ̀ kó tó dé Abẹ́òkúta, orí ẹ̀ ni wọ́n á sì máa wò tí wọ́n bá fẹ́ pín ìwé, àga àti tíṣà.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn onílé gan-an wà l'Ékòó, ilé wọn tó rẹwà á wà ní títì títí dìgbà ọdún, ọmọ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Òbí tọ́wọ́ ẹ̀ bá tẹ́ owó iléèwé aládàáni kì í dúró wo góńmẹ́ntì, ó ti mú tiẹ̀ lọ. Ní Ìjẹ̀bú East, lágbègbè Ògbèrè àti J4 nínú igbó ọba Ọmọ, ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó wá dá oko kòkó láti ìpínlẹ̀ míì ló pọ̀ ńbẹ̀, ibi tí bàbá bá sì kó oko lọ lọmọ ń bá a lọ, yálà táàmù parí tàbí kò parí. Lápá Ogun Waterside ẹ̀wẹ̀, omi ló pọ̀, àwọn Ìlàjẹ apẹja wà ńbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lọmọ míì ń wọ̀ kó tó débi kíláàsì. Ẹ wá fi kíláàsì yẹn wéra pẹ̀lú èyí tó wà láàárín ìgboro Ṣágámù kẹ̀.

Tó bá kan èsì, BECE, èyí táwọn èèyàn ń pè ní júníọ̀ WAEC, ni wọ́n ń ṣe ní ìparí JSS3. Ìpínlẹ̀ ló ń ṣe tàwọn iléèwé ẹ̀ fúnra ẹ̀, NECO ló ń ṣe ti iléèwé ìjọba àpapọ̀, máàkì tí ọmọ ti ń kó jọ látẹ̀yìn náà sì wà ńbẹ̀. Ká ní ọmọ 12 ló ṣe é ní abúlé kan, ibà gbé ẹyọ kan dè lọ́jọ́ ìdánwò, pásẹ́ńtì ti fi ohun tó lé ní 8 já wálẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ níléèwé tó ní ọmọ 240, ọmọ kan ò tó ìlàjì pásẹ́ńtì kan. Torí ẹ̀ ni JSS kékeré fi máa ń fò sókè fò wálẹ̀, kì í ṣe pé tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọlọ́gbọ́n tàbí ọ̀lẹ.

Ibi tí nọ́ńbà ti máa ń tanni jù ni iye ọmọ sí tíṣà kan. Ìlànà ní kó má ju 40 lọ. Abúlé tó ní ọmọ 60 àti tíṣà mẹ́ta, ogún-ogún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí ìwé ó dáa ju ti ìgboro lọ, ẹ̀ẹ́ ní wọ́n ń gbádùn. Àmọ́ iṣẹ́ bíi mẹ́wàá làwọn mẹ́ta yẹn fẹ́ pín, ẹni tó kàwé Yorùbá lá tún wọ kíláàsì lọ kọ́ wọn ní ìṣirò, tí ẹnì kan nínú wọn bá wá gba tiránsífà lọ s'Íjẹ̀bú-Òde, Basic Science di ìwé kíkọ sójú pátákó káwọn ọmọ máa dà á kọ nìyẹn.

Èyí tí wọn kì í sábà tò pọ̀ ni iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ jẹ́ ká ní 30 ló wọ JSS1, 18 ló dé ìdánwò, 15 sì páàsì. Wọ́n á kọ ọ́ pé 83%, irọ́ kọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà á látorí àwọn tó wọlé, ìdajì ni. Nínú àwọn 12 tó sọnù yẹn, àwọn kan wà níléèwé míì tí wọ́n ń ṣe dáadáa, àwọn kan ń kọ́ ọ̀kadà tàbí télọ̀, orúkọ ẹlòmíì ṣì wà nínú rẹ́jísítà tí tíṣà ṣì ń fún un ní òdo, torí kò sẹ́ni tó wá sọ fún un pé wọ́n ti kó lọ.